Àpótí Tó Ń Sunkún ní Ṣọ́ọ̀bù Fọ́tò

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ò mú ọ ju bó ṣe yẹ lọ? Èmi wà o. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Etí nìkan ni ò fẹ́ ṣe tèmi mọ́. Má bínú pé mi ò gbé fóònù tí o ń pè. Mo máa ń rí i tó ń gbọ̀n lórí tábìlì, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e, ohùn rẹ á máa dún bí ẹni tó ki orí bọ garawa. Kàkà kí n máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" sí ohun tí mi ò gbọ́, mo ní kí n padà sí lẹ́tà kíkọ. Ojú mi ṣì dá ṣáṣá, ọpẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Àpótí ẹ̀rọ tí o gbé kalẹ̀ sẹ́yìn káńtà kí o tó lọ, tí fọ́tò ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà nínú rẹ̀, títí kan àwọn fíìmù àtijọ́ tí ìwọ fúnra rẹ dà kọ sínú rẹ̀ kí ọ̀rinrin tó jẹ wọ́n tán, ó ti ń sunkún. Èmi kọ́ ni mo gbọ́ ọ, etí wo ni n ó fi gbọ́? Ìyá aránṣọ tó wá ya fọ́tò pélébé ló béèrè pé, "Bàbá Onífọ́tò, kí ló ń ké pí-pí-pí nínú ṣọ́ọ̀bù yín? Mo kọjá lọ́jọ́ Ajé, ó ń ké. Ọjọ́bọ̀ rèé, ó ṣì ń ké!" Ojú tì mí. Ọjọ́ mẹ́rin ni nǹkan ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ń fi àwòrán ṣeré.

Mo lọ wò ó. Iná mẹ́rin ló ní bí o ṣe mọ̀, ọ̀kan fún díìsìkì kọ̀ọ̀kan tó ń tọ́jú fọ́tò. Mẹ́ta ń tan àwọ̀ ewé. Ìkẹta láti òkè pọ́n yòò. Ọkùnrin tí à ń pè ní Ẹ̀rọ-Gbọ́rọ̀, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òdìkejì títì, ẹni tó máa ń pariwo mọ́ ẹ̀rọ bí ẹni ń bá ọmọ wí, wá wò ó. Ó ní díìsìkì náà ti kú, pé òun ní ọ̀kan tí òun yọ lára kọ̀ǹpútà àtijọ́, òun á fi sí i wẹ́rẹ́. Mo ní kó ṣe sùúrù, pé ọmọ mi ló ni iṣẹ́ yẹn, pé níbi tó wà, ọ̀kẹ́ àìmọye díìsìkì ló ń tọ́jú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ọmọ yín ò sí nílé. Èmi ni mo wà níbí." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́.

Kí ni kí n ṣe? Fọ́tò ìyá rẹ wà níbẹ̀. Àwọn mọ́kànlá yẹn nìkan ló wà láyé, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún keje rèé tí o ti lọ. Ìgbà wo lo ń bọ̀?

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, nítorí mi ò mọ ìgbà tí ẹ máa ka èyí. Ogún ọjọ́ ni lẹ́tà yín fi rìn, àyà mi sì já nígbà tí mo kà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba díìsìkì Ẹ̀rọ-Gbọ́rọ̀. Mi ò pè é lẹ́ni burúkú. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí díìsìkì tó yọ lára kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti fojú rí? Díìsìkì kọ̀ǹpútà ilé máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, á sinmi. Ti inú àpótí yín kì í sùn, mẹ́rin fara kanra, wọ́n ń yí tọ̀sán-tòru, wọ́n ń gbọn ara wọn. Wọ́n ń ṣe irú èyí tó lè fara da á lọ́tọ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ sí i lára. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń kọ ìlà gun orí ìlà bí ìgbà tí wọ́n bá to páànù òrùlé, kí ẹrù púpọ̀ lè wọ àyè kékeré. Ọjọ́ tí irú wọn bá fẹ́ gba ẹrù ẹni tó kú, wọ́n á máa wọ́ bí ìgbín, àpótí á sì rò pé àwọn náà ti kú, á tì wọ́n síta. Bẹ́ẹ̀ ni tuntun ò gbọdọ̀ kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó ṣe ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́.

Èyí tó wá burú jù ni àwọn tó ń ta àlòkù ní tuntun. Wọ́n á gba èyí tó ti ṣiṣẹ́ fọ́dún mẹ́ta, wọ́n á nù ún, wọ́n á pa ọjọ́ orí rẹ̀ rẹ́, wọ́n á wá fi ọ̀rá dídán dì í. Ní ibi iṣẹ́ wa, a máa ń ka nọ́ḿbà ara rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tó ṣe é kí a tó gbà á, a ó tún fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ọ̀kan fúnra mi. Mo dán an wò fọ́jọ́ mẹ́jọ, kò ṣe ségesège kankan. Mo ti dì í padà sínú páálí rẹ̀, ó ti wà lọ́nà.

Bó bá ti dé, lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fa ìkẹta jáde, ẹ ti tuntun sí àyè rẹ̀. Ẹ má pa àpótí. Àwọn mẹ́ta tó kù á máa kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n mọ̀, ó lè gba ọjọ́ méjì. Bàbá, ẹ gbọ́ o: àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ ru ẹrù. Ọ̀kan ti ṣubú, mẹ́ta ṣì ń gbé e. Bí ẹlòmíràn bá ṣubú kí ẹ tó fi rọ́pò rẹ̀, gbogbo ẹrù dà nù nìyẹn. Ẹ má fi falẹ̀. Ẹ sì ní kí Ẹ̀rọ-Gbọ́rọ̀ da fọ́tò ìyá mi kọ sí ibòmíràn, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ní ti wíwá mi, wọn ò tíì fún wa láyè ìsinmi níbi iṣẹ́. Ẹ ní sùúrù fún mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi dáadáa,

Ẹrù dé o! Bí o ṣe ń rántí mi, wọ́n á máa rántí ìwọ náà. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ní kí n buwọ́ lùwé lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ó tì o, kí n bù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó lè mọ̀ pé mo lọ́mọ. Páálí funfun, tépù tí o fi dì í tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Mo gbé e kọjá níwájú Ẹ̀rọ-Gbọ́rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì ló tó gbójú sókè, mo sì ní, "Ṣé o rí ohun tó ń jẹ́ tuntun?"

Má ṣèyọnu mọ́. Mo ti ṣe bí o ṣe wí, gbogbo rẹ̀ ti tò. Àpótí ò sunkún mọ́, ìyá aránṣọ jẹ́rìí sí i.

Ní ti fọ́tò ìyá rẹ, mi ò gbé e fún Ẹ̀rọ-Gbọ́rọ̀. Kí ló kàn án níbẹ̀? Mi ò fẹ́ kó máa fi ọwọ́ tó kún fún gírísì yẹn ṣí ojú ìyá rẹ wò. O mọ bí mo ṣe rí wọn yà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mò ń ya tẹrú-tọmọ, mi ò ya aya mi. Bí mo bá ti gbé kámẹ́rà, á ní, "Lọ ya àwọn tó ń sanwó." Ọjọ́ tí mo ra kámẹ́rà tuntun ni mo parọ́ fún un pé lẹ́ńsì ni mo fẹ́ dán wò. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Mo yà á ní mọ́kànlá. Ní ìkẹjọ, ó ń bú mi. Ní ìkẹsàn-án, ó ń rẹ́rìn-ín, torí èébú náà dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú.

Mo fẹ́ tẹ ọ̀kan ní ńlá kí n gbé e kọ́ ògiri. Ṣé ìkẹjọ ni àbí ìkẹsàn-án? Mi ò ní dá yàn án. Bí o bá dé, a jọ máa jókòó yàn án ni. Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé o, ìwọ ò sì tíì ṣípá láti ọdún méje sẹ́yìn.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú àmójútó, ẹ kú wàhálà. Mo mí kanlẹ̀ nígbà tí mo ka lẹ́tà yín. Mo sì rẹ́rìn-ín títí lórí bí ẹ ṣe ń gbé díìsìkì kọjá níwájú Ẹ̀rọ-Gbọ́rọ̀. Ẹ̀yin náà ò dáa! Bí ẹ bá ń jowú Ẹ̀rọ-Gbọ́rọ̀, ẹ tẹ àwọn fọ́tò náà sórí ìwé fúnra yín, mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ẹ má dúró dè mí.

Nígbà tí ewu ti kọjá, ó yẹ kí n sọ ohun tó ti há mi lọ́fun. Àwọn díìsìkì mẹ́rin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ àpótí yẹn, inú páálí kan náà ni mo ti kó wọn, lọ́wọ́ oníṣòwò kan, lọ́jọ́ kan. Nọ́ḿbà wọn tẹ̀ léra. Inú mi dùn nígbà náà pé wọ́n bára mu bí ọmọ ìyá. Ibí ni mo ti wá mọ̀ pé àṣìṣe gbáà ni. Ìyá àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ ní, àwọn tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan, tí wọ́n jọ ru ẹrù kan, àìsàn wọn kì í jìnnà síra. Bí ọ̀kan bá kú, iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ lè pa èkejì. Bí àwa bá nílò mẹ́rin, ọ̀dọ̀ oníṣòwò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń kó wọn jọ, kí wọ́n má bàa jẹ́ ẹgbẹ́ kan.

Ọdún méjì ni mo ti mọ̀, Bàbá, mi ò sọ fún yín. Ẹ̀ ń fi mí yangàn káàkiri títì, ojú tì mí láti ní èmi ni mo kọ́lé yẹn sórí iyanrìn. Ẹ dárí jì mí. Tuntun ti wà ní ipò kẹta báyìí, nítorí náà a ti ní àyè láti mí. Bí ẹ bá ti fèsì, màá fi méjì sí i ránṣẹ́, ẹ ó máa pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti wíwálé, kì í ṣe ọdún yìí. Ẹ má bínú sí mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹfà

Bàbá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti lé ní ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì tí mo ti kọ̀wé, ẹ ò fèsì. Mo pe fóònù, ó dún dún dún, kò sẹ́ni tó rí i pé ó ń gbọ̀n. Ṣé ara yín le? Ṣé ọ̀rọ̀ páálí kan náà yẹn ló dùn yín ni, àbí ti wíwálé? Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bú mi, mo lè gbé èébú. Ìdákẹ́ yìí ni apá mi ò ká. Ẹ kọ ìlà kan péré, "mo wà," ó ti tó.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Mi ò ní kí ọ pẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Jókòó kí o tó kà á.

Fọ́tò ti lọ. Gbogbo rẹ̀.

Mi ò fi díìsìkì rẹ sí i. Irọ́ ni mo pa. Ọjọ́ tó dé ni mo gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, láàárín bàtà dúdú tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún kẹta àti aago ọwọ́ tó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Mò ń nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. O mọ̀ mí, ohun tó bá ti ọwọ́ rẹ wá kì í yá mi lára láti lò, bí mo bá lò ó, á gbó. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́, mi ò ní fi ìdajì òótọ́ bo irọ́ mọ́. Mo rò ó pé bí páálí yẹn bá ṣì wà ní dídì, iṣẹ́ kan ṣì ń dúró dè ọ́ nílé nìyẹn. Mo fẹ́ kí o fọwọ́ ara rẹ fi sí i, kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kí n máa wò ọ́, bí mo ṣe wò ọ́ nígbà tí o ń gbé e kalẹ̀ tí o ní kí n má fọwọ́ kan wáyà. Ẹ̀rọ-Gbọ́rọ̀ ló bá mi tẹ bọ́tìnnì kan tí igbe fi dákẹ́. Ó kìlọ̀ fún mi, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Bàbá, igbe ló dákẹ́ o, àìsàn ṣì wà níbẹ̀." Mo ní kó máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó kọjá, iná àkọ́kọ́ náà pọ́n. Mo wà níbẹ̀, mò ń gé fọ́tò ìgbéyàwó. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí àpótí mọ́. Tòun ti orókún mi yìí, mo sáré lọ sílé, mo gbé páálí wá, mo gbé e fún Ẹ̀rọ-Gbọ́rọ̀. Ó wo iná méjèèjì, ó sì dá páálí padà sí mi lọ́wọ́ láìtú u. Ọkùnrin aláriwo yẹn rọra fa àga fún mi kí n jókòó. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti tán.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn náà ni lẹ́tà rẹ dé, tí o ní wọ́n bí wọn lọ́jọ́ kan.

Ọkọ ìyá aránṣọ kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin náà wá béèrè fọ́tò tí mo ya ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Mo ní kó ní sùúrù. Mi ò mọ ohun tí mo ní kó ṣe sùúrù dè.

Ìyá rẹ ńkọ́? Mi ò tẹ ìkankan sórí ìwé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà ní apá ọ̀tún mi lójoojúmọ́, èmi tí mò ń tẹ tàwọn ẹlòmíràn, mi ò tẹ tiwa. Mo fi ìyá rẹ ṣe ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀ kí n lè fi fà ọ́ wálé, ìwọ̀ ti já, ìjẹ ti lọ. Gbogbo òtòkùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe, kí lèmi nìkan fẹ́ ṣe sí i? Nígbà míì mo máa ń dijú kí n lè rí ìkẹsàn-án. Ẹ̀rín yẹn ti fẹ́ máa sá fún mi.

Má fi méjì yẹn ránṣẹ́ mọ́. Èyí tó wà nílẹ̀, màá gbé e fún Ẹ̀rọ-Gbọ́rọ̀, kó bá ẹlòmíràn lò ó.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Keje

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Mo bínú, mo sunkún, mo tún bínú. Inú gbọ̀ngàn iṣẹ́ wa ni mo ti ka lẹ́tà yín, níbi tí fáànù ti ń hó tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò lè gbọ́ ẹni tó ń sunkún. Díìsìkì mẹ́fà ni mo pààrọ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó wà nínú wọn, ti àwọn tí mi ò mọ̀ rí ni, kò sì sí nǹkan kan wọn tó sọ nù. Ó ká mi lára, Bàbá. Ó ká mi lára gan-an.

Mo fẹ́ ní ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, ẹnu mi ò gbà á. Ta ló kó mẹ́rin nínú páálí kan? Ta ló mọ̀ fọ́dún méjì? Bí mo bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ̀rù ì bá bà yín, ẹ ì bá sì ti fi tuntun sí i lọ́jọ́ tó dé. Mo dúró kí ewu kọjá kí n tó jẹ́wọ́, nítorí kí n má bàa tẹ́.

Èkejì rèé. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Ọdọọdún ni wọ́n ń fún wa ní ìsinmi níbí. Nígbà tí ìyá mi kú, mo ní wọn ò fún mi láyè láti wá sin ín. Wọ́n fún mi. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo dá a padà. Ẹ̀rù bà mí láti wọ ṣọ́ọ̀bù kí n bá àga yẹn lófìfo. Lẹ́yìn náà ni ojú wá ń tì mí, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ìtìjú ń gorí ìtìjú. Ẹ̀yin ń fi páálí pè mí wálé, èmi ń fi díìsìkì rán ara mi wálé. Àwa méjèèjì la dákẹ́, ohun tó jẹ́ tiwa náà sì bá ìdákẹ́ lọ.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń tú díìsìkì tó ti kú nínú yàrá tí eruku ò sí. Mo bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà le, pé àwọn á gbìyànjú, ṣùgbọ́n kí n má gbọ́kàn lé e. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín. Ẹ kọ ipò wọn sára wọn, ìkíní àti ìkẹta, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Èmi fúnra mi ni màá wá kó wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń bọ̀. Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹjọ, lọ́sàn-án. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé dá padà. Ẹ má gbé páálí yẹn fún Ẹ̀rọ-Gbọ́rọ̀, ẹ má tú u. Mo mọ̀ pé kò ní rí nǹkan kan kọ́ lára àwọn tó kù mọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣáà fi sí i, kí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi,

Lẹ́tà yìí ò ní gba ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí mo bá fi í ránṣẹ́, ẹ̀yin méjèèjì á kàn kọjá lára yín lójú ọ̀nà ni. Ọwọ́ rẹ ni màá fi lé bí o bá sọ̀kalẹ̀, nítorí etí mi ò ní gbọ́ ọ dáadáa, ẹnu mi ò sì ní lè sọ èyí.

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà ìsìnkú yẹn, mo bínú sí i fọ́jọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, mo jẹun. Ọ̀rọ̀ ti parí. Mo ti nu àga oníbàárà. Mo ti fi aṣọ mímọ́ wé àwọn òkú díìsìkì méjèèjì, mo kọ ipò wọn sí wọn lára. Ẹ̀rọ-Gbọ́rọ̀ ní òun fẹ́ wà níbẹ̀ láti wò bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí ojú ti là. Mo ní kó wá, ṣùgbọ́n kó má pariwo.

Àná ni mo gbé páálí náà sọ̀kalẹ̀ láti nù ún dè ọ́. Ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ó dojú dé lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti di oṣù mẹ́rin tí mo ti ń nu orí rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mi ò yí i padà rí. Ìkọ̀wé rẹ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bíírò aláwọ̀ búlúù: "Bàbá, mo mọ̀ yín. Ẹ má tọ́jú èyí. Ẹ lò ó."

O mọ̀ pé o kọ ọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, o kọ odidi lẹ́tà sí mi, o ò mẹ́nu kàn án. O ṣeun.

Mo ti tú aago yẹn, ó ti kú sínú ọ̀rá rẹ̀. Bàtà ni mo wọ̀ báyìí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó há mi lẹ́sẹ̀ díẹ̀. Mò ń wọ̀ ọ́ káàkiri yàrá lójoojúmọ́ kó lè gbà mí, òun ni màá wọ̀ wá pàdé rẹ.

Bàbá rẹ.